KÙRUKÙRU OJÚ LẸ́YÌN IṢẸ́ LASER: Ẹ MÁ FI OÒGÙN KẸ́MÍSÌ FỌ́ OJÚ YÍN O!

Ojú lọba ara. Aránṣọ tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, báwo ni yóò ṣe ti òwú bọ abẹ́rẹ́? Ìyá ọlọ́jà tí kò rí owó tí wọ́n kà lé e lọ́wọ́ dáadáa, ta ni yóò bá a mọ èrè? Ìdí nìyí tí inú èèyàn fi ń dùn bó bá gbọ́ pé dókítà lè fi iná laser tún ojú ṣe, kéèyàn sì gbàgbé awò. Òótọ́ ni, ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Lọ́dún 1981, nílé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, Rangaswamy Srinivasan, ọmọ Íńdíà, tan irú laser kan sára ẹran tòlótòló tí wọ́n jẹ kù nígbà ọdún. Iná náà gé ẹran ọ̀hún, etí ibi tó gé kò sì jó rárá! Nígbà tó di 1983, òun àti dókítà ojú kan, Stephen Trokel, gbé e dé ọ̀rọ̀ ojú. Ní 1988, Marguerite McDonald ṣe é fún ojú tó ń ríran ní ìlú New Orleans. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1995. PRK ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà.

KÍ LÓ Ń FA KÙRUKÙRU?

Awọ kan wà níwájú ẹyinjú wa tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ ní nínípọn. Dókítà á kọ́kọ́ bó òkè rẹ̀ kúrò, á wá fi laser fá díẹ̀ nínú ìyókù. Ọgbẹ́ nìyẹn jẹ́. Bí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ṣe ń fi àpá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ojú. Àpá yìí ló ń di kùrukùru. Èèyàn á máa ríran bí ìgbà tó ń wo ọ̀nà lásìkò ọyẹ́, iná mọ́tò á sì máa fọ́n ká lójú rẹ̀ lálẹ́.

Láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ló sábà máa ń yọjú. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, fẹ́ẹ́rẹ́ ni, á sì lọ fúnra rẹ̀ kí ọdún kan tó pé. Ẹni tí awò rẹ̀ lágbára púpọ̀ ló yẹ kó ṣọ́ra jù, nítorí ohun tí wọ́n máa fá lójú rẹ̀ á pọ̀. Oòrùn náà ń dá kún un. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ gbọ́ o: irú ìtànṣán tó wà nínú oòrùn wà nínú iná yín! Ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà, ẹ má sì fi awò dúdú ṣeré.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Oògùn ìkán-sójú tí wọ́n ń pè ní steroid ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, á sì máa wọn bí omi inú ojú ṣe ń ti ojú sí.

Bí èyí kò bá ràn án, mitomycin C ń bẹ. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti rí i, jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wò. Wọ́n á bó òkè awọ náà, wọ́n á fi kànìnkànìn kékeré tí wọ́n rẹ sínú oògùn náà lé ojú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ nù dáadáa. Wọ́n tún lè fi laser fúnra rẹ̀ fá àpá náà. Ọwọ́ dókítà nìkan ni gbogbo èyí wà, kì í ṣe oògùn ilé.

IBI TÍ EWU WÀ GAN-AN

Steroid yìí kan náà ni àwọn kan ń rà ní kẹ́mísì bí ẹni ra iyọ̀. Ojú pọ́n, wọ́n kán an, ojú funfun kíá, wọ́n ní oògùn ti jẹ́. Haba! Bí ó bá pẹ́ lójú, ó lè mú kí omi inú ojú máa ti iṣan ìríran títí tí yóò fi kú. Glaucoma nìyẹn. Kì í sábà dunni, ohun tó bá sì bà jẹ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́. Àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń bá jà jù. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe kárí Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, òun ló ṣe ìkejì nínú ohun tó ń fọ́ àwọn àgbà wa lójú.

Nítorí náà, ẹ wo ara ìgò. Bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, tí kì í ṣe dókítà ojú ló kọ ọ́ fún yín, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ má sì fi ìtọ̀ tàbí omi ewé rọ́pò rẹ̀ o, ìyẹn náà ń fọ́ ojú.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe laser, kó bi dókítà léèrè: Ṣé ojú mi yẹ fún un? Bí kùrukùru bá dé, kí lẹ máa ṣe? Ìgbà wo ni kí n máa padà wá fún àyẹ̀wò? Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè. Owó tí ẹ tọ́jú fún iṣẹ́ abẹ, ẹ tọ́jú ti àyẹ̀wò mọ́ ọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí lojú yín ti rí lórí ọ̀rọ̀ oògùn ojú? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà wa. Olúwa kò ní jẹ́ kí ojú wa fọ́.