Ṣé Fóònù Lè Rọ́pò Kámẹ́rà? Àyẹ̀wò Lórí Yíya Àwòrán Ọdún Ìbílẹ̀ ní Adó-Èkìtì

1. Ìfáárà

Ohun tí ó fa iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi wá nígbàkúùgbà tí a bá ń múra láti rán wọn lọ ṣe àkójọ lítíréṣọ̀ alohùn àti ọdún ìbílẹ̀. Wọn a ní kí ni ó dé tí a fi ń béèrè kámẹ́rà lọ́wọ́ wọn nígbà tí fóònù wà lápò olúkúlùkù. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìgbọ́n. Kámẹ́rà wọ́n, àti pé láti ìgbà tí owó náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023, èyí tí ó jẹ́ tòkunbọ̀ pàápàá ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí. Bí fóònù bá lè ṣe iṣẹ́ náà, ìnilára ni kí a máa fi dandan lé kámẹ́rà. Bí kò bá sì lè ṣe é, a jẹ́ pé ẹ̀rí tí kò péye ni a ń kó jọ, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a sì ń yà lónìí ni kò ní sí níbẹ̀ mọ́ lọ́la kí a tó sọ pé a fẹ́ tún un yà.

A kò ní sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò ọjọ́ ìbí tàbí ti ìkómọjáde. Àwọn ènìyàn ti fúnra wọn dá ẹjọ́ ìyẹn, fóònù ni wọ́n sì dá a fún. Ọdún Ùdírókò, tí wọ́n máa ń ṣe ní Adó-Èkìtì nínú oṣù kẹjọ, ni a ó fi ṣe òpó àlàyé wa, a ó sì máa yà sí ìlú mìíràn bí ọ̀rọ̀ bá gbé wa débẹ̀. (Orúkọ ọdún náà fúnra rẹ̀ tó kíyèsí. 'Ùdí ìrókò' ni, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń pè ní 'ìdí ìrókò'. Fáwẹ̀lì /u/ tí kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò a máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì.)

2. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tí ó dé

Iṣẹ́ fọ́tò kì í ṣe àlejò láàrin àwọn Yorùbá. Herzekiah Andrew Shanu, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1858, ti ń fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Kóńgò kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1975, ó rí i pé àwọn onífọ́tò ìlú náà ní ìlànà tí wọn kì í yẹ̀ lórí rẹ̀: àgbàlagbà yóò jókòó, yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, a ó sì rí gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ nínú aṣọ iyì. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 1978. A ó padà sí ohun mìíràn tí Sprague bá pàdé níbẹ̀.

Fóònù tí ó ní kámẹ́rà lára kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Jàpáànù ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ní ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2010, kámẹ́rà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Jàpáànù kó jáde fún títà lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́fà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2020, kò pé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà ni ó ń dáhùn ìbéèrè, a kì bá má ti kọ iṣẹ́ yìí rárá.

3. Ìmọ́lẹ̀ àti ohun tí ń gbà á

Àwòrán kò ju ìmọ́lẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ lọ. Fíìmù ni ó ń gbà á láyé àtijọ́. Àwo pẹlẹbẹ kékeré kan ni ó ń gbà á lónìí, yálà nínú kámẹ́rà ni tàbí nínú fóònù. Bí òjò bá ń rọ̀ tí a gbé ọpọ́n ńlá àti ife síta papọ̀, omi inú wọn kò lè dọ́gba nígbà tí òjò bá dá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwo yìí rí. Nínú kámẹ́rà tí àwo rẹ̀ tó fíìmù àtijọ́, ó jẹ́ mìlímítà 36 ní ìbú àti 24 ní òró, èyí tí í ṣe mìlímítà 864 níbùú lóròó. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 24 níbùú lóròó lọ. Ọ̀kan gba ìlọ́po mẹ́rìndínlógójì èkejì. Àwọn fóònù olówó ńlá kan wà tí àwo wọn tó mìlímítà 116, ṣùgbọ́n a kò tíì rí i lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa kankan.

Nítorí náà ni iye mẹ́gápíksẹ́lì tí wọ́n ń kọ sára páálí fóònù kò ṣe yẹ kí ó tàn wá jẹ. Fóònù tí ó ní àádọ́ta mẹ́gápíksẹ́lì sábà máa ń pa mẹ́rin mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o, tí yóò fi gbé àwòrán oníméjìlá jáde. Àwọn tí ń tà á kì í sọ apá yìí.

4. Ohun tí fóònù mọ̀ ọ́n ṣe

Kí a má baà jẹ́ alábòsí, ó yẹ kí a sọ ibi tí fóònù ti borí. Oòrùn ọ̀sán gangan ní Adó-Èkìtì, ìjòyè dúró nínú agbádá funfun, ojú rẹ̀ sì dúdú dáadáa. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kámẹ́rà yóò ya agbádá kí ojú di òkùnkùn biribiri, tàbí kí ó ya ojú kí agbádá di ìtànṣán lásán. Fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti ya àwòrán bíi mélòó kan, yóò mú ojú láti inú ọ̀kan, yóò mú aṣọ láti inú òmíràn, yóò sì pa wọ́n pọ̀. Orí ni ó ń lò níbi tí ojú kò tó.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara náà wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi ń ṣe ìdíwọ̀n àwọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ fíìmù ní òkè òkun, èyí sì wà lára ohun tí ń mú kí ojú àwọn òbí wa máa ṣú nínú fọ́tò aláwọ̀. Àwọn tí ń ṣe fóònù ni wọ́n wá sọ àwọ̀ dúdú di ohun ìpolówó ọjà. Tecno ti fi í tajà ní Áfíríkà fún ìgbà pípẹ́, Google náà sì gbé ètò tirẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Bí kì í bá tilẹ̀ ṣe ìfẹ́ wa ni wọ́n fi ṣe é, àǹfààní rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

5. Ọ̀nà jíjìn àti ìyára

Ní ọjọ́ Ùdírókò, akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí àyè súnmọ́ Ewì. Èrò, ìjòyè, ọlọ́pàá àti ìlù ni ó wà láàrin wọn. Lẹ́ǹsì fóònù tí a fi ń ya àwòrán lójoojúmọ́ fẹjú, ó ṣe é fi ya gbogbo àgbàlá ààfin, ṣùgbọ́n adé yóò kéré bí èso àgbálùmọ̀ láàrin rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìka fa àwòrán náà láti mú adé súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀, gígé ni ọ̀pọ̀ fóònù ń gé etí àwòrán kúrò, wọn kò fi ohunkóhun kún ohun tí lẹ́ǹsì rí. Kámẹ́rà tí a fi lẹ́ǹsì gígùn sí yóò ka ìlẹ̀kẹ̀ orí adé láti ẹ̀yìn èrò.

Ẹpa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ìlú Èkìtì tí wọ́n ti ń gbé e, ẹni tí ó gbé ère wúwo sórí yóò fò gun orí òkìtì, bí ó bá sì kọsẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò máa ronú ohun tí ó túmọ̀ sí. Fífò náà ni kókó ọ̀rọ̀. Fóònù tí ń pa àwòrán púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan kò mọ ohun tí yóò ṣe sí ẹsẹ̀ tí kò dúró sójú kan, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. A ti rí àwòrán Ẹpa tí ó ní ojìji ẹsẹ̀ mẹ́ta.

6. Ilà ojú

Gbogbo èyí tí a ti sọ kò ju àìtó lọ, a sì lè fi ara da àìtó. Ohun tí ó bà wá lẹ́rù ni ibi tí fóònù ti ń fi ohun tí a kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kún iṣẹ́ wa, tàbí tí ó ti ń yọ ọ́ kúrò.

Ní bí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú fọ́tò ìyá àgbà kan wá, ẹni tí ó gba orin lẹ́nu rẹ̀. Orin náà dára, àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá náà kọ ilà. A wo fọ́tò títí, a kò rí ilà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán bí ti ọmọge. Nígbà tí a bi í, ó ní òun kò fọwọ́ kan àwòrán náà rárá, òótọ́ ni ó sì sọ. Ètò ìṣojúlóge ni ó wà ní títàn nínú fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti rà á. Ètò náà rí ilà, ó kà á sí àbàwọ́n, ó sì pa á rẹ́ pọ̀ mọ́ ìhunjọ ojú ìyá arúgbó.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ilà kíkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí ó wà lójú wọn ń darúgbó, wọ́n sì ń lọ. Bí onímọ̀ kan bá wá ní àádọ́ta ọdún sí i láti wo àkójọ wa, tí ó sì fẹ́ mọ irú ilà tí àwọn àgbà Èkìtì kọ, ẹ̀rí wa yóò sọ fún un pé wọn kò kọ ilà. Fọ́tò tí ó ṣókùnkùn kò lè parọ́ báyìí.

Ẹnìkan lè sọ pé onífọ́tò àtijọ́ náà ń yí àwòrán padà. Bẹ́ẹ̀ ni. Sprague rí i ní Ìlá pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n papọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú àwòrán kan ṣoṣo, kí ìbejì lè pé méjì. Ṣùgbọ́n ìdílé ni ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n mọ ohun tí ó ṣe, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yé gbogbo ilé. Ta ni ó bẹ fóònù pé kí ó pa ilà rẹ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n fi fóònù Samsung kan ya àwòrán òṣùpá tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ di wúruwùru lójú kọ̀ǹpútà. Fóònù náà gbé òṣùpá tí ó ní kòtò àti gegele jáde. Ohun tí ó ti mọ̀ nípa òṣùpá ni ó fi dí i. Òṣùpá kan ṣoṣo ni ó wà, kò pa wá lára púpọ̀. Ọnà ara ère Èkìtì kì í ṣe ohun tí fóònù mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní fi tirẹ̀ dí i.

7. Ìpamọ́

Ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ àwọn òpó àti ìlẹ̀kùn tí òkìkí wọn kàn káyé. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, kò sì padà wálé mọ́. British Museum ni ó wà. Òpó tí ó ní ọba lórí ìtẹ́ wà ní Art Institute of Chicago láti ọdún 1984. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn òpó náà ṣe tò sí àgbàlá, inú fọ́tò ni yóò ti rí i, irú èyí tí William Fagg yà níbẹ̀ ní ọdún 1959. Ẹnìkan ni ó tọ́jú fíìmù náà.

Fọ́tò fóònù wa ń kọ́? WhatsApp ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fi ránṣẹ́. Bí a bá fi í ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, WhatsApp yóò fún un mọ́lẹ̀, yóò sì já àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti àkókò tí ó wà nínú rẹ̀ dànù. Ẹ̀rọ tí ó yà á a sì máa sọnù nínú ọkọ̀, a máa já sómi, wọn a máa jí i. Àléébù yìí kì í ṣe ti lẹ́ǹsì, kámẹ́rà pàápàá kò sì lè wò ó sàn bí olówó rẹ̀ kò bá tọ́jú káàdì inú rẹ̀.

Fún Ùdírókò tí ń bọ̀, ohun tí a ń dábàá ni pé kí a gba fóònù fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, fún àwòrán èrò, ilé àti ohun èlò, bí ìmọ́lẹ̀ bá tó. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ rí i pé ètò ìṣojúlóge ti kú nínú fóònù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kúrò ní iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n fi wáyà kó àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, tàbí kí wọ́n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a yà, ìlú, ọjọ́, àti pé ó fọwọ́ sí i. Nítorí fóònù ti mú kí ó rọrùn láti ya àgbàlagbà láìtọrọ àyè, ohun tí ẹni tí ó gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn kò lè ṣe kí ojú má tì í. Kámẹ́rà kan ṣoṣo tí ó wà ní ẹ̀ka wa kò gbọdọ̀ máa tọ èrò kiri. Kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò jù, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ní ọ̀kánkán ibi tí Ewì yóò jókòó sí, láti òwúrọ̀ kí èrò tó dé.