Àwọn Atukọ̀ Akẹ́rù Nígbà Ogun Hítílà

Bí a bá ń sọ ìtàn Ogun Hítílà (1939–1945), àwọn ọmọ ogun tí ó lọ sí Bọ́mà ni a sábà máa ń rántí. Ogun mìíràn wà lórí òkun tí ó kan àgbẹ̀ Emùré-Èkìtì, bí kò tilẹ̀ fi ojú kan òkun rí.

Kòkó ni ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ òkun ni ó ń gbé e láti Èkó lọ sí Yúróòpù. Nígbà tí ogun bẹ́, ọjà Jámánì tì, àyè nínú ọkọ̀ sì di ọ̀wọ́n. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ra kòkó ní iye tí òun fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí àìsí ọkọ̀, wọ́n dáná sun apá kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Japan gba Màláyà ní 1942, èkùrọ́, epo àti rọ́bà wa ni wọ́n wá ń wá kiri.

Freetown ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń kó ara wọn jọ, kí ọkọ̀ ogun lè ṣọ́ wọn dé Britain. Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ba dè wọ́n. Ní 1941, ọ̀kan nínú wọn, U-107, rì ọkọ̀ 14 ní ìrìn-àjò kan ṣoṣo. Ní May ọdún náà, U-69 ri àdó olóró sí ẹnu ọ̀nà omi Èkó. Nínú ọkọ̀ Elder Dempster, Accra àti Apapa rì ní 1940. Nígbà tí Abosso rì ní October 1942, ènìyàn 362 ni ó bá a lọ.

Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀ nínú àwọn tí ń da èédú sí iná ẹ̀rọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ibi iṣẹ́ wọn. Bí àdó bá lu ọkọ̀, àwọn ni ọ̀nà àbáyọ jìnnà sí jùlọ. Síbẹ̀, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí a gbà ní Èkó kéré sí ti atukọ̀ aláwọ̀ funfun.

Ní Tower Hill ní London, wọ́n kọ orúkọ àwọn atukọ̀ tí kò ní ibojì sára ògiri. Nílé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìtàn wọn gbẹ́kẹ̀ lé. Ó yẹ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí bi àwọn ìdílé atukọ̀ ní Èkó àti àwọn ìdílé oníkòkó ní Èkìtì léèrè ohun tí àgbà wọn sọ, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa.