Ẹ Má Ṣe Ju Agolo Mílíìkì Nù

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, láti ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ WAMCO ti ń ṣe mílíìkì inú agolo ní Ìkejà. Òfìfo agolo bẹ́ẹ̀ lè di ọkọ̀ ìṣeré. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a gbẹ. Ẹ fi ìṣó lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bọ̀ ọ́ já, kí ẹ sì gé sálúbàtà rọ́bà tí ó ti gbó ní róbótó ṣe táyà rẹ̀.

Ìyá ni kí ó lu ihò, kì í ṣe ọmọ. Ẹ fi òkúta tẹ etí mímú rẹ̀ pẹlẹbẹ, nítorí ọgbẹ́ agolo lè fa àrùn ipá, èyí tí ń pani. Ẹ má ṣe lo agolo oògùn ẹ̀fọn láéláé.

Ohun ìṣeré tí ọmọ bá ìyá rẹ̀ ṣe kì í tètè sú u.