Qutuz, Ẹrú tí Ó Jọba Mísírà fún Ọdún Kan tí Kò Pé

Bí a bá ń dárúkọ àwọn súlútánì Mísírà àtijọ́, ẹnu tètè máa ń dé ọ̀dọ̀ Saladin àti Baybars. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lo ọdún kan gbáko lórí oyè. Qutuz ni orúkọ rẹ̀.

Mámlúkù ni, ìyẹn ẹrú tí a rà tí a sì kọ́ ní ogun jíjà. Ní Dámásíkù ni wọ́n ti tà á, kí ó tó di ti Aybak tí ó jọba ní Káírò. Nígbà tí wọ́n pa Aybak ní 1257, ọmọdé ni ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fi jọba. Ní 1258, Hulagu kó ogun Mọ́ńgólì wọ Bàgídáàdì, ó sì pa Kálífà. Ní oṣù kọkànlá 1259, Qutuz yọ ọmọdé náà lóyè. Ó ní ogun tí ń bọ̀ kọjá agbára ọmọdé.

Ní 1260, Àlẹ́pò àti Dámásíkù bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Hulagu ránṣẹ́ sí Káírò pé kí wọ́n túúbá. Qutuz pa àwọn ìránṣẹ́ náà, ó sì gbé orí wọn kọ́ sí ẹnubodè Zuwayla. Èyí kò dára lójú mi, nítorí Ànábì wa kò pa ìránṣẹ́ Musaylima òpùrọ́ pàápàá.

Ṣùgbọ́n owó ogun ńkọ́? Súlútánì pe àwọn àlùfáà jọ, pé òun fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ará ìlú. Shaykh Izz al-Din ibn Abd al-Salam, arúgbó, ni ó dá a lóhùn. Ó ní bí ọ̀tá bá wọ ilẹ̀ Mùsùlùmí, ó tọ́ kí a gba owó lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí àpò ìjọba kọ́kọ́ gbẹ ná, kí àwọn ìjòyè ta àmùrè wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́ wọn, kí ó má ku nǹkan kan fún jagunjagun ju ẹṣin àti ohun ìjà rẹ̀ lọ. Bí ọrọ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ ológun, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó mẹ̀kúnnù. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Shaykh yìí kan náà ni ó ti sọ nígbà kan rí pé àwọn ìjòyè tí a kò tíì dá sílẹ̀ lóko ẹrú kò lè rà kí wọ́n sì tà, tí wọ́n fi lù wọ́n ní gbànjo, tí owó wọn wọ àpò ìjọba!

Síbẹ̀, Qutuz bu dínárì kọ̀ọ̀kan lé ará ìlú lórí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, 25 oṣù Ààwẹ̀, ìyẹn 3 oṣù kẹsàn-án 1260, wọ́n pàdé ọ̀tá ní Ain Jalut ní Palẹsítínì. Hulagu ti kó èyí tí ó pọ̀ nínú ogun rẹ̀ padà, nítorí Möngke, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí í ṣe ọba àgbà wọn, ti kú. Kitbuqa ni ó fi sílẹ̀. Nígbà tí apá kan ogun Mísírà fẹ́ yẹ̀, Qutuz ṣí akoro lórí, ó ké pe Ìsìláàmù, ó sì wọ àárín ogun lọ. Wọ́n pa Kitbuqa, Dámásíkù sì bọ́ lọ́wọ́ Mọ́ńgólì.

Ní oṣù kẹwàá, bí ó ti ń padà lọ sílé, ó yà ṣọdẹ. Baybars di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ fi ẹnu kò ó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi idà ṣá a pa. Àwọn òpìtàn ní Àlẹ́pò ni Baybars ń retí tí kò rí gbà.

Káírò ti ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ de Qutuz. Ilẹ̀ mọ́, akéde ní kí wọ́n tọrọ àánú Ọlọ́run fún un, kí wọ́n sì gbàdúrà fún Súlútánì Baybars. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, nítorí wọ́n mọ ìnilára tí àwọn ẹgbẹ́ Baybars ti ṣe rí. Baybars náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wọlé, ó sì mú owó dínárì náà kúrò.