Àjọ̀dún Ìṣirò ti 14 Oṣù Kẹta, àti Ohun Tí Àwa Lè Gbé Lọ Síbẹ̀

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti ń bi wá léèrè pé kí ni àjọ̀dún ìṣirò tí àwọn ilé ìwé kan ń ṣe ní oṣù kẹta, àti pé ṣé ó yẹ kí àwa babaláwo yọjú síbẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé kí a gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ, kí a lọ fi han àwọn olùkọ́ pé ọ̀dọ̀ Ifá ni ìṣirò ti wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn láti dáhùn. Èkejì gba àròjinlẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìṣirò káàkiri àgbáyé. Ìpàdé àpapọ̀ àjọ náà, ogójì irú rẹ̀, ni ó fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò lágbàáyé, International Mathematical Union, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ará Kánádà kan, Christiane Rousseau, sì ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. UNESCO yìí kan náà ni ó kéde Ifá ní 2005 pé ó wà lára àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, tí ó sì kọ ọ́ sínú àkójọ rẹ̀ ní 2008. Ẹni tí ó bá ń rò pé Ifá àti ìṣirò kò lè jókòó lábẹ́ òrùlé kan, kí ó rántí ìyẹn.

Ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Àrùn kòrónà sì dé lásìkò náà gan-an, ọ̀pọ̀ ìpéjọ túká kí ó tó bẹ̀rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pàdé. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń mú àkòrí kan. Ti 2020 ni pé ìṣirò wà níbi gbogbo. Ti 2023 ni pé ti gbogbo ènìyàn ni. 2024 jẹ́ ti eré ṣíṣe pẹ̀lú ìṣirò, 2025 jẹ́ ti iṣẹ́ ọnà, 2026 jẹ́ ti ìrètí. Ti 2024 yẹn ni ó dùn mọ́ wa jù, a ó sọ ìdí rẹ̀.

Kí ló wá kan 14 oṣù kẹta? Ní 1988, Larry Shaw, onímọ̀ físíìsì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Exploratorium, ilé ìfihàn sáyẹ́ǹsì ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní ọjọ́ náà, wọ́n tò yí ohun róbótó kan ká, wọ́n sì jẹ páì. Ìdí ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú ọjọ́: 3/14. Òǹkà kan sì wà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3.14, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń fi lẹ́tà Gíríìkì π kọ, tí ìpè rẹ̀ lẹ́nu wọn kò yàtọ̀ sí páì inú míìtì páì. Àwa tí a ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, 14/3 ni tiwa, àwàdà náà kò fi bẹ́ẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Kò burú. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọjọ́ náà ní 2009, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni UNESCO sọ ọ́ di ti gbogbo ayé.

Ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé rí lè fi ojú ara rẹ̀ rí òǹkà yìí. Ẹ mú igbá kan tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó dáadáa. Ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gé okùn náà níbi tí ó ti pàdé ara rẹ̀. Ẹ wá na okùn yìí gba àárín ẹnu igbá kọjá, láti etí kan dé èkejì, kí ẹ ka iye ìgbà tí yóò lọ. Ìgbà mẹ́ta ni, yóò sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Ìyókù yẹn, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú méje ìbú ẹnu igbá náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n róbótó, pẹ̀lú ìdérí ìkòkò, pẹ̀lú táyà mọ́tò: ìgbà mẹ́ta àti díẹ̀ náà ni. Ohun ìyanu inú rẹ̀ nìyẹn, pé ńlá àti kékeré kò yí i padà. (Igbá tí ó bá wọ́ yóò parọ́ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn bá wa jà.)

Archimedes, ará Gíríìkì tí ó gbé ní Syracuse, ti fi ẹ̀rí hàn ní ohun tí ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn pé òǹkà náà kò tó 3 àti ìdá 1/7, ṣùgbọ́n ó ju 3 àti ìdá 10/71 lọ. William Jones, ọmọ Wales, ni ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà π pè é nínú ìwé, ní 1706. Ní ọ̀rúndún kan náà ni Lambert fi hàn pé kò sí ìdá kankan tí a lè kọ tí yóò bá a dọ́gba gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ lọ, 3.14159 títí, kò ní tán láé.

Ohun tí ó mú wa fẹ́ràn irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ni pé kì í ṣe ìdánwò. Òmíràn wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 2007, tí wọ́n fi orúkọ Julia Robinson pè, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ńlá tí ó kú ní 1985. Tábìlì ni wọ́n ń tò síbẹ̀, àlọ́ ìṣirò kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á yan èyí tí ó wù ú, á jókòó tì í títí tí ó bá fẹ́, àgbàlagbà tó wà nídìí tábìlì á máa bi í ní ìbéèrè, kò ní sọ ìdáhùn fún un. Kò sí ẹni tó ń fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Ẹ fi wé ti wa níbi tí ọmọ ti mọ pẹ̀lú pàṣán pé òun kò mọ ìṣirò kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá, tí ẹ̀rù náà sì ń tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì.

Ẹ̀rù yìí ní gbòǹgbò kan tí àwọn olùkọ́ kì í wò. Ọmọ Yorùbá ń gbọ́ òǹkà kan nílé, òmíràn nílé ìwé, àwọn méjèèjì kò sì rìn bákan náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, 45 jẹ́ mẹ́wàá mẹ́rin pẹ̀lú márùn-ún. Ní tiwa, márùndínláàádọ́ta ni. Ẹ tú u wò: ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, mú mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta, mú márùn-ún kúrò, o dé ibi tí ò ń lọ. Ìsọdipúpọ̀ kan àti ìyọkúrò méjì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta: igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, mú ọgọ́rùn-ún kúrò. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì kan, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1887, ó sì so ó mọ́ bí a ti ń ka owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún, tí a ń kó o jọ di ogún, di igba. Helen Verran, tí ó bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tún yẹ ọ̀rọ̀ òǹkà wa wò fínnífínní nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2001. Àwọn àjèjì rí i pé ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò lè ka owó kọjá ogún ní èdè ìyá wọn mọ́. "Fọ́tì-fáìfù" ni wọ́n mọ̀. Lójú tiwa, àdánù náà ju ti èdè lọ, nítorí ọmọ tó bá mọ ìdí tí a fi ń pè é ní márùndínláàádọ́ta ti ń yọ kúrò, ó ti ń sọ di púpọ̀, kò sì mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe.

Ó wá ku ti Ifá. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé, kò sí ẹ̀kẹta. Ojú kan, ọ̀nà méjì. Ojú méjì, ọ̀nà mẹ́rin. Ojú mẹ́ta, mẹ́jọ. Ojú mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún. Apá kan nìyẹn. Apá méjèèjì jẹ́ 16 lọ́nà 16, èyíinì 256. Ibi tí apá méjèèjì bá ti bára mu ni Ojú Odù, wọ́n jẹ́ 16. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni àmúlù, 16 lọ́nà 15, òjìlérúgba gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń wí. Ikin pẹ̀lú bẹ́ẹ̀: bí ọ̀kan bá kù lọ́wọ́, a ó tẹ méjì, bí méjì bá kù, a ó tẹ ọ̀kan, ìgbà mẹ́jọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé kò ṣẹ́ kù, kò sì lé, láìní pẹ́ńsù tàbí pépà.

Nígbà tí àwọn kan wá rí i pé kọ̀ǹpútà náà ń fi ohun méjì ṣiṣẹ́, pé ojú mẹ́jọ ń fún un ní 256 bákan náà, wọ́n ní òyìnbó jí i lọ́wọ́ Ifá. A kò bá wọn lọ síbẹ̀. Leibniz, ará Jámánì, kọ̀wé lórí òǹkà 0 àti 1 ní 1703, ohun tí ó mẹ́nu bà níbẹ̀ ni àwòrán 64 ti àwọn ará Ṣáínà, tí àlùfáà Faransé kan fi ránṣẹ́ sí i. Ron Eglash sọ nínú ìwé rẹ̀ ní 1999 pé iyanrìn títẹ̀, tí òun náà ní àwòrán 16, gba ọwọ́ àwọn Lárúbáwá láti Áfíríkà wọ Yúróòpù, pé ipa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Leibniz. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa yẹ̀ wò ni. Kò tíì di ohun tí a lè fi búra níwájú ọmọ ilé ìwé. Ohun tí a lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ti tó. Ènìyàn méjì lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ọjà kan náà.

Nítorí náà, ṣé kí a gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ? Èrò tiwa ni pé rárá. A mọ̀ pé èyí yóò dun àwọn kan. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ṣé kò ní kí Ifá nígbà tó bá hù ni? Bí kò bá kì í, ó ti sọ ọ́ di ohun eré. Bí ó bá kì í, ó ti di ìdáfá, òbí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ yóò sì kó ọmọ wọn lọ. A mọ ilé ìwé kan tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e kò sí àjọ̀dún níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ni ó pàdánù.

Ìdérí ìgò mínírà ni kí ẹ gbé lọ. Wọ́n ní ojú àti ẹ̀yìn, owó kékeré ni. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta, kí wọ́n máa jù ú, kí wọ́n máa fa ilà ọ̀kan tàbí méjì sí síléètì títí wọn ó fi rí i pé mẹ́jọ péré ni. Ẹ wá fi ìkẹrin kún un, ẹ má sọ iye rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n bá rí 16 fúnra wọn, ẹ lè wá sọ pé àwọn baba ńlá wọn ti mọ èyí, kí ẹ sì sọ orúkọ ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Òtítọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó lè bínú sí òtítọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ kà.

Ẹ gbé ọpọ́n ayò náà dání. Ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ọmọ tó bá lè ka ibi tí ọmọ ayò yóò parí sí kí ó tó fọwọ́ kàn án ti kúrò ní ẹni tí kò mọ ìṣirò. Ẹ sì bẹ àwọn olùkọ́ kí wọ́n lẹ àwòrán Chike Obi mọ́ ògiri, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Cambridge ní 1950, àti ti Grace Alele-Williams, tí ó gba tirẹ̀ ní Chicago ní 1963, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba oyè ọ̀mọ̀wé. Archimedes lè wà láàárín wọn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó kọ́kọ́ rí ọ̀gá ilé ìwé kí oṣù kejì tó parí, kí ó sì lọ pẹ̀lú igbá tí kò wọ́.