Yìnyín Tí Rédà Ń Ṣọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa ní Mowe, ní Ìbàfò àti ní Ifọ̀, yìnyín tiwa kì í yọ́ wọ̀lú: kò-kò-kò ni í máa dún lórí páànù, tí àwọn ọmọdé yóò sáré gbé abọ́ jáde. Ti ìlú òyìnbó nígbà ọ̀gìnìtìn fúyẹ́ bí òwú, kì í pariwo. Rédà ni àwọn kan fi ń ṣọ́ ọ.

Ẹ rántí gbohùngbohùn: ẹ ké sí òkè, òkè dáhùn. Ìgbì rédíò ni rédà ń sọ sójú ọ̀run. Èyí tí ó bá kan òjò tàbí yìnyín a padà wá. Ìgbì náà ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀ ni a fi ń mọ bí yìnyín ti jìnnà tó.

Yìnyín bíi tiwa, tí omi bò lára, a máa dáhùn kíkankíkan. Ti òwú yẹn, ohùn rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ayé sì rí roboto. Bí ìgbì ti ń jìnnà ni ó ń ga kúrò nílẹ̀, yìnyín a sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, rédà á rí i lókè, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á sì ti fà á gbẹ kí ó tó kanlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn aṣọ́yìnyín fi ń yọjú lójú fèrèsé, tí wọ́n sì ń bi ara wọn pé: “Ṣé ó ti ń bọ́ lọ́dọ̀ yín?”