Géètì Ṣáájú, Ọkọ̀ Tẹ̀lé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé yìí ni ó ń sọdá ojú irin láràárọ̀ kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà. Àwọn òbí wa a máa kìlọ̀ fún wa, àwọn olùkọ́ wa a sì máa tún un sọ ní àkókò ìsìn òwúrọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí a ní kí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan fún àjọ̀dún yìí, a yan rélùwéè kékeré tí ó ní géètì tí ń ṣí, tí ó sì ń tì ní tòótọ́. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ṣe é, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè ṣe èyí tí ó dára jù ú lọ.

Ìwọ̀n ni a kọ́kọ́ mú. Ojú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 jẹ́ ojú irin tóóró: mílímítà 1067 ni ó wà láàárín irin kan sí èkejì. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 64, yóò kù díẹ̀ kí ó tó mílímítà 17. Mílímítà 16.5 ni ti irin ìṣeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, ojú kò sì lè mọ ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà, ohun gbogbo tí a kàn ni a pín sí ọ̀nà 64. Ọ̀nà mọ́tò wa fẹ̀ ní mílímítà 50, èyí tí í ṣe mítà 3.2 ní ojú ayé.

Géètì méjì ni a ṣe, ọ̀kan ní àríwá ojú irin, ọ̀kan ní gúúsù. Wọn kì í gbéra sókè. Wọ́n ń yí bí ilẹ̀kùn, irú èyí tí wọ́n lò láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà mọ́tò, ojú irin ṣí; bí wọ́n bá dí ojú irin, ọ̀nà mọ́tò ṣí. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi ṣe wọ́n, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mílímítà 46. A lẹ wáyà idẹ mọ́ ìdí géètì kọ̀ọ̀kan, ó sì gba inú ọ̀pá oníhò lọ sí abẹ́ tábìlì, níbi tí ẹ̀rọ kékeré tí à ń pè ní servo ti ń yí i. Pátákó Arduino ni ó ń pàṣẹ fún servo náà: dígírì kan, ìsinmi díẹ̀, dígírì kan, títí yóò fi pé 90. Láìsí ìsinmi yìí, géètì yóò gbá bí ìgbà tí ìjì gbá ilẹ̀kùn.

Níhìn-ín ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ kìíní. Òpó géètì àríwá wà ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà, ti gúúsù wà ní ìlà-oòrùn. A ní kí méjèèjì yí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rìn dé nǹkan bí ìdajì, wọ́n kọlu ara wọn, ọ̀kan sì kán. A rò pé servo ni ó bàjẹ́. Ìgbà tí a ya ìrìn wọn sórí ìwé ni a tó rí i pé mílímítà 75 ni ó wà láti òpó kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni gígùn géètì méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ 92. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ìṣirò wa ni ó jẹ̀bi. Láti ìgbà náà, ọ̀kan ń dúró kí èkejì kọ́kọ́ yí tán.

Ẹ̀kọ́ kejì wúwo jù ú lọ. Ní ọjọ́ ìdánwò, ọ̀kan nínú wa tẹ bọ́tìnì ọkọ̀ kí ó tó tẹ ti géètì. Ọkọ̀ ojú irin náà fọ́ géètì, ó sì gbá ọkọ̀ akẹ́rù ìṣeré kan ṣubú. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láàárín wa, tí ilé wọn wà lẹ́bàá ojú irin, kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa bèèrè pé, "Ta ni ó yẹ kí ó dá ọkọ̀ yẹn dúró?" A dáhùn pé ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́: ènìyàn a máa gbàgbé, ẹ ṣe é kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ má gbà.

Nítorí náà, a fi súìṣì kékeré kan sí abẹ́ géètì kọ̀ọ̀kan. Àfi bí géètì bá dí ọ̀nà mọ́tò tán pátápátá ni yóò tó tẹ súìṣì rẹ̀. A wá ya sẹ̀ńtímítà 60 irin sọ́tọ̀ ní ìhà méjèèjì tí ọkọ̀ lè gbà wá, tó bẹ́ẹ̀ tí iná fólìtì 12 kò lè dé ibẹ̀ bí kò bá gba inú súìṣì méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Bí géètì kan ṣoṣo bá ṣì wà ní ṣíṣí, ọkọ̀ yóò dúró.

Ìlànà kan náà ni ti rélùwéè ńlá: níbi tí wọ́n bá ti so géètì pọ̀ mọ́ àmì, àmì kò lè sọ fún awakọ̀ pé "máa bọ̀" àfi bí géètì bá ti tì. Ọkọ̀ ojú irin kò lè dúró lójijì bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n níbi tí a ń gbà kọjá láràárọ̀, kò sí súìṣì kankan. Ojú wa àti etí wa ni géètì wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó ń pa wá mọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ wá sí yàrá sáyẹ́ǹsì ní ọjọ́ àjọ̀dún. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọkọ̀ nígbà tí géètì ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ óò rí i pé kò ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu.